Bàbá Ti Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Tán, Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Jáde Mọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ọmọ yín ni mí, n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu ọmọdé kò sì yẹ kó máa ka ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò àgbà. Ẹ̀yin bàbá wa, mo túúbá, ẹ forí jì mí. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa ló fà á. Bí a bá sì ní ká máa bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, ẹni tó ń ṣe ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀.

Lẹ́tà méjì ló wà níwájú mi. Ìyàwó ilé kan ló kọ ìkíní. Ó ní ọkọ òun ní jẹjẹrẹ prostate, wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú wọn, ọdún kejì rèé. Dókítà ní àìsàn náà ti lọ sílẹ̀. Ẹbí dúpẹ́, wọ́n ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni bàbá ti kó ẹní àti ìrọ̀rí wọn lọ sí pálọ̀. Wọn kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, wọn kì í lọ sí òde ìnáwó. Bí ó bá bi wọ́n, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Obìnrin náà wá ń bèèrè bóyá ọkọ òun ti rí ẹlòmíràn níta ni, àbí òun ló ṣẹ̀ tí òun ò mọ̀.

Ọmọkùnrin kan ló kọ ìkejì. Ìtọ́jú kan náà ni bàbá tirẹ̀ gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní báyìí, bí bàbá bá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde. Àbúrò bàbá ti gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá, ó ní kí wọ́n máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Aládùúgbò ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, ó ní jẹjẹrẹ ló padà dé. Ọmọ ní èwo ni kí àwọn gbà gbọ́?

Ẹ gbọ́ o, ibì kan náà ni lẹ́tà méjèèjì ti wá. Wọ́n gba ìtọ́jú tán, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó sọ fún wọn bí ayé yóò ṣe rí lẹ́yìn ìtọ́jú. Yorùbá ní àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún, ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ohun tó ń ṣe àwọn bàbá wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti kà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ní ìtọ́jú. Dídákẹ́ tí a dákẹ́ ló sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n.

ILÉ MẸ́RIN TÓ FARA KAN ARA WỌN

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ló ní prostate. Kò tóbi ju hóró àsálà kan lọ nígbà èwe. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìfun tó já sí ihò ìdí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin dìde gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló sì ń pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀ jáde.

Ṣé ẹ rí àdúgbò yẹn? Prostate, ilé ìtọ̀, ilé ìgbẹ́ àti ilé okun ọkùnrin, ògiri kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí iná bá ń jó ilé kan, kò sí bí èéfín kò ṣe ní dé ilé kejì. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, àbúrò ẹ̀sírèé ni, àmọ́ agbára tirẹ̀ ju ti ẹ̀sírèé lọ fíìfíì. Èèyàn á sùn sórí tábìlì, ẹ̀rọ á máa yí i ká, kò ní fọwọ́ kàn án, kò ní dùn ún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ìtànṣán yẹn ń ba inú èso jẹjẹrẹ jẹ́ tí kò fi ní lè bí sí i mọ́. Ara tó yè náà máa ń fara gbá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń tún ara rẹ̀ ṣe ju jẹjẹrẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in sí díẹ̀díẹ̀, ojoojúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, tí wọn kì í fi gbogbo rẹ̀ fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan.

Látijọ́, ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ ni. Ní 2016, àwọn dókítà ní Ìlú Ọba gbé àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CHHiP jáde. Ó fi hàn pé ẹni tó gba ìtànṣán ní ìgbà 20 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rí ìwòsàn bíi ti ẹni tó gbà á ní ìgbà 37. Ní 2024, ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ PACE fi hàn pé fún àwọn kan tí àìsàn wọn ṣì kéré, ìgbà márùn-ún péré ti tó. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ fún, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ti Òkìtìpupa tàbí Ṣakí wá sí Ìbàdàn tàbí Èkó gba ìtọ́jú, tó ń wá ilé tí yóò wọ̀ sí, ogún ọjọ́ àti ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ó yẹ kéèyàn bèèrè.

Kí n tún yára sọ ọ̀kan tó ń bí mi nínú. Àwọn kan kì í jẹ́ kí bàbá gbé ọmọ-ọmọ wọn mọ́, wọ́n ní iná wà lára bàbá. Irọ́ ni o! Ìtànṣán tó ti inú ẹ̀rọ wá, bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó tán. Kì í dúró sára. Bàbá lè gbé ọmọ, ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, ìyàwó lè sùn tì wọ́n. Ẹ̀yà ìtọ́jú mìíràn wà tí wọ́n ń fi hóró kéékèèké onítànṣán sínú prostate fúnra rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni dókítà máa ń sọ pé kí wọ́n má gbé ọmọ kékeré àti aláboyún sún mọ́ra fúngbà díẹ̀.

ẸNI TÓ LÒ Ó, TÓ SÌ TÚN LÒ AYÉ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìròyìn ìbẹ̀rù ni mo mú wá. Nelson Mandela, ààrẹ dúdú àkọ́kọ́ ní South Africa, jẹjẹrẹ prostate ni wọ́n bá lára rẹ̀ ní 2001, nígbà tó di ẹni ọdún 83. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi fún un ní ìtànṣán. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2003, ó dá ètò 46664 sílẹ̀ láti bá àrùn éèdì jà. Ní May 2004, ó wà ní Zurich nígbà tí wọ́n gbé ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2010 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ọjọ́ àṣekágbá ìdíje náà, July 11, 2010, ó juwọ́ sí èrò nínú pápá. December 5, 2013 ló tó jáde láyé, ó ti di ẹni ọdún 95. Ọdún méjìlá gbáko lẹ́yìn ìtànṣán. Ìgbésí ayé nìyẹn, kì í ṣe èémí lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa aláwọ̀ dúdú ju ẹlòmíràn lọ. Ní Ìlú Ọba, ìṣirò wọn ni pé nínú ọkùnrin mẹ́jọ, ọ̀kan ni jẹjẹrẹ prostate yóò mú láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkùnrin dúdú tó ń gbé níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ rí i pé kò sí agboolé tí ọ̀rọ̀ yìí kò lè wọ̀.

OHUN TÍ WỌ́N KÀ

Àwọn kan ti bi ọkùnrin léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú Ọba náà ni. ProtecT ni wọ́n pe ìwádìí ọ̀hún. Láàárín 1999 sí 2009, wọ́n kó ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì jáde kúrò nínú prostate, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n fún apá kejì ní ìtànṣán, wọ́n sì ń ṣọ́ apá kẹta lójú méjèèjì láìtíì fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí ọdún 15 pé, nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni jẹjẹrẹ náà kò pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà.

Bẹ́ẹ̀, ìgbé ayé wọn ńkọ́? Ẹ gbọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, 67 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ní nǹkan àwọn ń le tó láti bá obìnrin lò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lára àwọn tó gba ìtànṣán, ó ku 22. Lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ku 12. Lára àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, 52. Àwọn kan rí i gbà padà lẹ́yìn náà. Nígbà tó fi pé ọdún méje, ti ìtànṣán jẹ́ 27, ti iṣẹ́ abẹ jẹ́ 18, ti àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ti wálẹ̀ sí 30. Ẹ rí i pé ọjọ́ orí náà ń ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ìtànṣán nìkan.

Ní ti ìtọ̀, ìtànṣán ṣàánú. Lẹ́yìn ọdún 12, àwọn tó ń lo páàdì nítorí ìtọ̀ tó ń jò jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti iṣẹ́ abẹ jẹ́ 24. Ṣùgbọ́n ní ti ìgbẹ́, ìtànṣán ló le jù. Àwọn tí ìgbẹ́ máa ń yọ sí láìmọ̀ jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn yòókù jẹ́ 6.

Ẹ má gbàgbé pé òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tán nínú àwọn ọkùnrin yẹn, àìsàn wọn sì ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, púpọ̀ àwọn bàbá kì í dé ọsibítù títí àìsàn á fi jinlẹ̀, wọ́n á wá fún wọn ní abẹ́rẹ́ mọ́ ìtànṣán, nígbà míì fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má mú nọ́ńbà yẹn bí òṣùwọ̀n tiyín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ohun tí bàbá kan ń fi pamọ́ ní pálọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti sọ ọ́ jáde, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ò tì wọ́n.

MÀMÁ, ẸSẸ̀ YÍN KỌ́

Ìyá mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má sọkún mọ́. N kò lè búra fún ọkùnrin kankan, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe gan-an kó má jẹ́ pé obìnrin kan ló wà níta.

Ìkíní, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ní oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èròjà kan wà nínú ara tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin. Òun náà ni jẹjẹrẹ prostate ń jẹ. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dá a dúró kí ebi lè pa jẹjẹrẹ. Bó bá ti dúró, ìfẹ́ obìnrin á lọ. Ara lè máa gbóná lójijì bíi ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á máa sanra níkùn, inú á máa bà jẹ́ láìnídìí. Bí wọ́n bá mú iná lọ ládùúgbò, ṣé gílóòbù ló bàjẹ́ ni? Iná ni kò sí. Bí wọ́n bá dá abẹ́rẹ́ dúró, ó lè gba oṣù púpọ̀, kódà ó lè ju ọdún kan lọ, kí iná tó dé. Lára àgbàlagbà, nígbà míì kì í dé tán.

Ìkejì, ìtànṣán fúnra rẹ̀ máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ há díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Ọkùnrin á rò pé òun ti bọ́, àfi lọ́jọ́ kan tó rí i pé nǹkan ò dáhùn mọ́. Àtọ̀ náà á gbẹ. Bó bá tún ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ti dé nìyẹn. Ọkùnrin tó ti ń ṣe bàálé láti ọgbọ̀n ọdún, báwo ni yóò ṣe là á mọ́lẹ̀ fún ìyàwó? Ó yá a lára kó kó lọ sí pálọ̀.

Ìkẹta, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ló lé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tó ń bẹ̀rù kí òun má tọ̀ sára ìyàwó, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Nítorí náà, ẹ má fi ìbínú bi wọ́n. Ẹ sọ pé ẹ kà á nínú ìwé ìròyìn pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹ gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì ní kí wọ́n padà wá sùn. Ìfọwọ́kàn àti ọ̀rọ̀ dídùn lóru kò béèrè nǹkan líle. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ rí dókítà. Oògùn bíi Viagra wà, abẹ́rẹ́ wà, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀ wà. Ó sì dára kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ju kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n kí bàbá má lọ fúnra wọn ra oògùn ní kẹ́míìsì o. Ẹni tó bá ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n kò gbọdọ̀ lo Viagra rárá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì kó sì gbabẹ̀ kú. Kí wọ́n má sì tọ páràga àti búrantáṣì lọ. Búrantáṣì lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ kò yẹ kó kú sẹ́nu ìgò.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ṣì ń retí ọmọ, ẹ sọ fún dókítà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè bá yín tọ́jú àtọ̀ pamọ́ sínú yìnyín. Bí ìtànṣán bá ti kọjá, ó lè ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kéèyàn fún obìnrin lóyún nígbà tó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ àti fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ GBÉ ÀGBO YẸN JÙ SẸ́GBẸ̀Ẹ́ KAN

Ó kan ìwọ ọmọ tó ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ló jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ pé jẹjẹrẹ padà. Rántí ohun tí mo sọ pé ìfun ìdí wà lẹ́yìn prostate gan-an. Ìtànṣán tó kàn án lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó máa já bí ìgbẹ́ bá ń kọjá. Kì í sábà jáde lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, nígbà tí gbogbo ayé ti gbàgbé ìtànṣán.

Bó bá kéré, ó lè dá fúnra rẹ̀. Bí kò bá dá, oògùn wà tí wọ́n ń fi síbẹ̀, ẹ̀rọ sì wà tí wọ́n fi ń dí ojú iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó, torí àìsàn mìíràn nínú ìfun lè máa ṣe é, a ò gbọdọ̀ fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣu èèyàn gbuuru, tí wọ́n tún rẹ sínú ògógóró, ojú ọgbẹ́ ni yóò máa ha. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ata tàbí oògùn kankan sí bàbá nídìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kọ sórí páálí kí bàbá máa mú un rìn: ọdún tí wọ́n gba ìtànṣán, ibi tí wọ́n ti gbà á, àti pé prostate ni. Dókítà yòówù tó bá fẹ́ wo ìdí wọn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá lọ já ẹran lára ògiri ìfun tí ìtànṣán ti kọjá níwájú, ojú ibẹ̀ lè má jiná. Ó lè di ihò tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ yóò fi máa pàdé. Dókítà tó mọ̀ kò ní já a láìnídìí. Dókítà tí ẹ kò sọ fún kò lè mọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tó ń jáde ní dídì, tí òòyì ń kọ́ bàbá, ẹ sáré lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tọ̀ tí kò jáde rárá, ẹ sáré lọ. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n gan-an tí ẹsẹ̀ sì ń kú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

BÍ A ṢE Ń JÁDE LÓJÚ AYÉ

Nígbà ìtọ́jú gan-an, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ìtọ̀ á máa gbọ̀n wọ́n, á máa ta wọ́n, ìgbẹ́ á rọ̀, ó á máa rẹ̀ wọ́n. Èyí sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú. Àárẹ̀ yẹn, kì í ṣe oorun lásán ló ń lé e. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń dín in kù. Ó tún dára fún egungun àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́.

Ní ti ìtọ̀, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí bàbá dẹ́kun omi mímu. Ìtọ̀ á ki, á tún máa ta wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n mu omi lọ́sàn-án, kí wọ́n dín in kù bí ilẹ̀ bá ṣú. Kí wọ́n dín ọtí, kọfí àti tíì kù. Obì náà, ẹ rọra, ohun tó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n máa fún iṣan ìdí pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó dúró, kí wọ́n kà dé mẹ́wàá, kí wọ́n tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, kódà nínú ìpàdé. Oògùn tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀ náà wà.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ sọ fún díráfà kó tó gbéra, ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lóde ìnáwó, ẹ wo ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà kí ẹ tó jókòó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn kò dín adúrà kù. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ kò lọ sí Jímọ̀ mọ́ nítorí ìtọ̀ tó ń kán, ẹ bi àáfà yín. Ẹ̀sìn ti fi ìdẹ̀ra fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: kó fọ ara rẹ̀ mọ́, kó fi nǹkan dí i, kó ṣe àlùwàlá bí àkókò ìrun bá wọlé, kó sì kí ìrun rẹ̀ bó tilẹ̀ ń kán.

Ọ̀rọ̀ PSA tún wà, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ àìsàn náà. Lẹ́yìn ìtànṣán, kì í já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè gba ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í sì í sábà di òdo bíi ti ẹni tí wọ́n gé prostate rẹ̀ jáde. Nígbà míì ó lè gòkè díẹ̀ kó tún sọ̀kalẹ̀. Bó bá fi 2 ju ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ, ìgbà yẹn ni dókítà máa ń fura gidi pé àìsàn fẹ́ padà. Torí náà, kí bàbá má jẹ́ kí èsì kan ṣoṣo gba oorun lójú wọn. Kí wọ́n máa lọ ṣe é déédéé, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé rẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ẹ béèrè mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà: ìgbà mélòó ni ìtànṣán, ṣé abẹ́rẹ́ yóò wà níbẹ̀ àti fún ọdún mélòó, báwo ni ìtọ̀, ìgbẹ́ àti oko yóò ṣe rí, ta ni kí n wá bá bí nǹkan kan bá yí padà lẹ́yìn ọdún méjì? Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà wa, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹni tí kò bá béèrè, wọ́n lè má rántí sọ fún un. Ẹ mú ìyàwó tàbí ọmọ tó gbọ́n dání. Ohun tí etí kan bá gbàgbé, etí kejì á mú un.

Ẹni ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ló ń ṣe lákáǹlákáǹ tọ alábẹ lọ. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ti la iná kọjá, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín sí pálọ̀. Ẹni tó bá ní ìrírí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ̀wé sí wa, kì í ṣe dandan kó fi orúkọ sí i. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde sí ojú ewé lẹ́tà yín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.